Agbọ̀n Obì tí Tẹlifóònù Sùn Sí

"Ẹ wá wò ó! Ẹ wá wò ó! Ó ń bọ̀! Ó ti mú A wá, ó ti mú L wá, ó tún ti mú A mìíràn wá!" Èmi ni mò ń pariwo bẹ́ẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ wa. Orúnkún mi kan wà lórí ẹní, ìkejì wà lórí sìmẹ́ńtì, ìborùn mi ti já bọ́ sí èjìká, mi ò tiẹ̀ mọ̀. "Ta ló ń bọ̀?" Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń béèrè lẹ́yìn mi. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di agbọ̀n kan mú bí ìgbà tí èèyàn di ọmọ tuntun mú. "Lẹ́tà ni, Ìyá Àgbà! Lẹ́tà láti Ìbarà!" "Ta ló mú un wá? Mi ò rẹ́ni tó wọlé." "Kò sẹ́ni tó mú un wá! Ojú wáyà ló ń gbà bọ̀ fúnra ẹ̀!" Bàbá mi sún àga wọn síwájú, wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi etí agbádá nù ún, wọ́n tún un wọ̀, wọ́n sì na ọrùn bí ẹni tó fẹ́ wo ìsàlẹ̀ kànga. J dé. I dé. ALAJI. Orúkọ bàbá mi gan-an nìyẹn, funfun báláú lórí ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Títí dòní, tí mo bá ti dórí ọ̀rọ̀ yìí, èémí mi kì í tó mi. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Màámi, ṣebí lẹ́tà lásán ni." Wọn ò jẹ̀bi. Wọ́n bá íńtánẹ́ẹ̀tì nílé ni, bí ìgbà tí èèyàn bá omi nínú àmù, wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan ló kọ́kọ́ lọ pọn ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ilé wa lọ́dún náà, ọdún tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, tí mò ń retí èsì ìdánwò, tí ọwọ́ mi dilẹ̀, tí ọkàn mi ò dilẹ̀.

Ilé wa wà ní Láfẹ́nwá, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ rélùwéè, ilé náà ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìdákẹ́jẹ́. Kí ìmọ́lẹ̀ tó mọ́, ladáànì á ti pe ìrun, lẹ́yìn náà Ìyá Àgbà á tẹ kásẹ́ẹ̀tì wáàsí wọn, ohùn àlùfáà á gba gbogbo àgbàlá kan, ewúrẹ́ á máa dá a lóhùn. Èmi á pọn omi kún àmù méjì, màá gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi máńgòrò, tí mo bá fi máa nàró tán, ẹ̀kọ gbígbóná ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú àkàrà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn obìnrin tó ń bá bàbá mi ṣa obì á dé. Gbànja ni bàbá mi ń tà, ó ń bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò. Àwọn obìnrin yìí á jókòó yí òkìtì obì ká, wọ́n á máa yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ, wọ́n á máa sọ èyí tó dáa sínú agbọ̀n, pó, pó, pó, ẹnu wọn ò sì ní dúró. Tí ọ̀sán bá pọ́n, odó màámi á bẹ̀rẹ̀. Tí ọkọ̀ ojú irin bá fọn, gbogbo wa á dákẹ́ díẹ̀ kó lè kọjá, lẹ́yìn náà a ó tún máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ láti ibi tá a fi í sí gan-an. Gbogbo ẹni tó bá sì gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá ló gbọ́dọ̀ kí wa, gbogbo ẹni tó bá wà nínú ilé ló gbọ́dọ̀ dáhùn. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé ilé tí àlejò bá kí tí wọn ò dá a lóhùn, nǹkan ti ṣe àwọn ará ibẹ̀ nìyẹn.

Bùọ̀dá Gàní ló gbé kọ̀ǹpútà wọ ilé yẹn. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, ìyá kan náà ló bí wọn. Wọ́n ti lọ kàwé nílùú òyìnbó, wọ́n wá ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìbarà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìyàwó wọn. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti òkè òkun, àwọn ẹlòmíì ń kó kóòtù bọ̀, wọ́n ń kó fìríìjì bọ̀, Bùọ̀dá Gàní kó kọ̀ǹpútà méjì bọ̀ nínú páálí bàtà. Kì í ṣe irú kọ̀ǹpútà òde òní o. Kò ju àwo pẹrẹsẹ kan báyìí lọ, ó ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ A, B, D sí, kò ní ojú tiẹ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n ló ń yá lò. Bùọ̀dá ní ohun tó lè rántí lẹ́ẹ̀kan náà kò ju ìwọ̀nba ojú ìwé mélòó kan lọ. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ó ti gbàgbé gbogbo ẹ̀ pátá, bí ọmọdé tó sùn lórí ìwé. Torí náà, inú kásẹ́ẹ̀tì la máa ń fi iṣẹ́ ẹ̀ pa mọ́ sí, kásẹ́ẹ̀tì kan náà tá a fi ń gbọ́ wáàsí. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà ṣèèṣì ki tèmi bọ inú rédíò wọn láàárọ̀. Ó ń ké "ṣíìì, kírí-kírí-kírí, ṣíìì." Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń mi orí. Nígbà tí mo sáré dé, wọ́n ní, "Rábíà, àlùfáà yìí gbóná o! Ṣùgbọ́n ọ̀fun ń dùn ún. Ẹ fún un lómi mu."

Ẹ ò rí i, mo ti fẹ́ràn nǹkan yẹn kọjá sísọ. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì, tí lẹ́tà bá jáde lókè lọ́hùn-ún, ara mi á bù máṣọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti ní ìpinnu tiwọn lórí mi. Àbúrò wọn obìnrin, Àǹtí Ṣífáwù, wà ní Ọ̀dẹ̀dá. Àwọn ló ń ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá mi ní tí mo bá ti jáde ìwé, ọ̀dọ̀ Àǹtí Ṣífáwù ni mo máa lọ, kí n lọ mọ obì dénú, kí n lè gba iṣẹ́ ilé wa lọ́jọ́ iwájú. Bùọ̀dá Gàní ní rárá, kí wọ́n jẹ́ kí n wá sọ́dọ̀ àwọn ní Ìbarà, kí àwọn kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà kí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó gbà mí. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Bàbá mi béèrè pé, "Gàní, kí ni nǹkan yìí ń ṣe gan-an? Ó ń lọ ata ni?" Bùọ̀dá ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá jókòó sí Ìbarà, tí ẹ̀yin jókòó síbí, mo lè kọ lẹ́tà, kí ẹ máa kà á lójú ẹsẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n yín. Ojú wáyà tẹlifóònù ló máa gbà." Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi ṣí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Jẹ́ kí n fi ojú mi méjèèjì rí i. Tí mo bá rí i, Rábíà á tẹ̀ lé ẹ lọ sí Ìbarà. Tí mi ò bá rí i, Ọ̀dẹ̀dá yá." Lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ṣàdúà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti ṣe àmín.

Tẹlifóònù wà nílé wa torí àwọn oníbàárà Kánò, dúdú, wúwo, màámi fi aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ hun bò ó lórí. Bùọ̀dá mú àpótí kékeré kan wá tó ní ihò rọ́bà méjì lórí, bí ife méjì tó dojú sókè. Èèyàn á pe tẹlifóònù, tí ẹnì kejì bá gbé e, wọ́n á kọ́kọ́ kí ara wọn tán, torí Bùọ̀dá ò lè fi tẹlifóònù bá ilé ẹ̀gbọ́n wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n má kí màámi, kí wọ́n má kí Ìyá Àgbà, kí wọ́n má béèrè ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní "Ó yá," a ó wá gbé ọwọ́ tẹlifóònù náà dùbúlẹ̀ sórí àpótí, ibi tí etí ń gbé sínú ihò kan, ibi tí ẹnu ń gbé sínú ìkejì. Kọ̀ǹpútà Bùọ̀dá á máa súfèé sínú tẹlifóònù, kọ̀ǹpútà tiwa á máa gbọ́ súfèé náà, á máa sọ ọ́ di lẹ́tà. Súfèé ni gbogbo ẹ̀! Ẹ ò rí nǹkan! Bùọ̀dá kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé sínú ìwé àjákọ fún mi, mo fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta tẹ̀ ẹ́ wọlé, ìka kan ṣoṣo ni mo sì fi tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kìíní tá a dán an wò, Bùọ̀dá fi kí bàbá mi láti Ìbarà. Ohun tó jáde lójú tẹlifíṣọ̀n wa ni AL%J?, lẹ́yìn náà XX7, lẹ́yìn náà òkìtì nǹkan tí mi ò lè pè. Odó màámi ni. Ihò rọ́bà yẹn ń gbọ́ gbogbo nǹkan, kò mọ èyí tó jẹ́ ti Bùọ̀dá yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti odó. A tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Lẹ́tà mẹ́ta jáde dáadáa, inú mi ti ń dùn, àfi bí Ìyá Àgbà ṣe wọlé, tí wọ́n rí tẹlifóònù tó dùbúlẹ̀. Wọ́n ní, "Áà, ta ló gbé èèyàn kalẹ̀ báyìí láì dá a lóhùn?" Wọ́n gbé e sétí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má bínú, àwọn ọmọ ni. Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ará ilé ńkọ́?" Súfèé ni wọ́n gbọ́. Wọ́n yíjú sí mi, ojú wọn kún fún àánú. "Rábíà, ẹni yìí ń sunkún."

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo ní ó tó. Mo dúró dìgbà tí bàbá mi lọ kí ìrun aláásárì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ gbogbo ilé kiri. Mo bẹ màámi kí wọ́n fi odó sílẹ̀ díẹ̀. Mo bẹ àwọn obìnrin aṣabì, mo ní kí wọ́n lọ jókòó lẹ́yìnkùlé. Mo lé ewúrẹ́. Mo bẹ Ìyá Àgbà kí wọ́n kàn jókòó sórí àga, kí wọ́n má sọ nǹkan kan, ẹnikẹ́ni tó bá kí wọn, kí wọ́n má dáhùn. Wọ́n ní, "Kí n má dáhùn kẹ̀? Èmi?" Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ó dùn wọ́n dénú, wọ́n fọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tẹlifóònù dùbúlẹ̀, mo forí balẹ̀ kí n lè máa gbọ́ súfèé náà dáadáa, bí Bàbá Rélùwéè ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Aládùúgbò wa ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ohùn ọkọ̀ náà ò sì fi wọ́n sílẹ̀. "Ẹ kúulé o! Àwọn ará ilé yìí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n yọjú wọlé. Ohun tí wọ́n rí rèé: ilé dákẹ́, odó dákẹ́, ìyá arúgbó fọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, èmi forí balẹ̀, àga bàbá mi sì ṣófo. Mo gbé ìka sẹ́nu, mo ń mi orí sí wọn, mo ń bẹ̀ wọ́n. "Ìn-nà lílláì!" ni wọ́n ké. "Àlájì! Àlájì tí mo rí láàárọ̀ yìí!" Wọ́n gbá orí mú, wọ́n sì já síta.

Mo fẹ́ sáré tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n lẹ́tà ti ń jáde. Kí èmi tó dìde, àdúgbò ti gbọ́. Àwọn obìnrin ń wọlé, wọ́n ń da omi lójú, ẹkún wọn ti sọ lẹ́tà tó ń jáde di XX7, wọ́n ń kí Ìyá Àgbà kú ara fẹ́ra kù. Ìyá Àgbà, tí wọ́n ti ṣèlérí fún mi pé àwọn ò ní dáhùn, ń wò wọ́n, wọ́n fọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Ó wá burú sí i! Ibi tí wọ́n ti ń sunkún lọ́wọ́ ni bàbá mi ti mọ́ṣáláṣí dé, tẹ̀síbáà lọ́wọ́, tí wọ́n rí èrò lẹ́nu ọ̀nà ara wọn. Wọ́n rọra béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó wà lẹ́yìn pátápátá pé, "Ta ló kú?" Obìnrin náà fi ìborùn nu ojú, ó ní, "Àlájì ni o, èèyàn dáadáa." Ó wá gbójú sókè. Igbe tó ké! Ó fi bàtà kan sílẹ̀ níbẹ̀, Ìyá Àgbà ló bá a gbé e lọ sílé lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí gbogbo wọn ti rẹ́rìn-ín tán tí wọ́n ti lọ, bàbá mi pè mí. Mo kúnlẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá inú ń bí wọn tàbí ẹ̀rín ló ń pa wọ́n, imú wọn ń fẹ̀, ó ń súnkì. Wọ́n ní, "Rábíátù, o pa mí." Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." "Wọ́n ti ń bá mi ṣe sàráà lọ́kàn wọn." "Ẹ má bínú, Bàbá." Wọ́n wá ṣojú le. "Fetí sílẹ̀ dáadáa. Ilé mi kì í ṣe ilé odi. Àlejò á wọlé, á kí wa, a ó dáhùn. Màmá ẹ á gún nǹkan tí wọ́n bá fẹ́ gún. Lẹ́tà tí kò bá lè wọlé nígbà tí ilé bá ṣe bí ilé, kó dúró sí Ìbarà. Sátidé yìí ni mo fún yín, ìwọ àti Gàní. Tí mi ò bá rí lẹ́tà kà lọ́jọ́ náà, Mọ́ńdè lò ń lọ sí Ọ̀dẹ̀dá, kò sì sí ẹ̀bẹ̀."

Lọ́jọ́ Fúráìdeè, mo jókòó ti Ìyá Àgbà nídìí obì, omi ń bọ́ lójú mi sórí gbànja. Wọ́n ń di agbọ̀n tó máa lọ sí Kánò lọ́wọ́. Tí ẹ ò bá tíì rí ibi tí wọ́n ti ń di obì, iṣẹ́ ńlá ni. Wọ́n á tẹ́ àpò sí ìdí agbọ̀n, wọ́n á tẹ́ ewé tútù lé e, ewé lórí ewé, wọ́n á fi yí inú ẹ̀ ká, wọ́n á da obì sáàárín, wọ́n á tún fi ewé bò ó, wọ́n á fi àpò bo ewé, wọ́n á wá fi okùn dì í pinpin, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Obì tí Ìyá Àgbà bá dì, tó bá dé Kánò, bí ẹni pé àárọ̀ yẹn ni wọ́n já a. Wọ́n wò mí. "Kí ló tiẹ̀ ń ba lẹ́tà yín yìí jẹ́ ná?" Mo ní, "Ariwo ni, Ìyá Àgbà. Ó ń wọ inú ihò rọ́bà yẹn." "Ó ń wọ ibẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọ inú obì?" "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Wọ́n fi agbọ̀n sílẹ̀. Wọ́n wò mí bí ìgbà tí èèyàn wo ẹni tó ń wá fìlà tó wà lórí ẹ̀. "Ilé obì ni wọ́n bí ẹ sí, Rábíà. O wá ń tìtorí ohun tó ń wọlé síbi tí kò yẹ kó wọ̀ sunkún?"

Ẹ gbà mí, mo fò dìde! Agbọ̀n tuntun la mú. A tẹ́ àpò méjì sí i, Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí ewé, wọ́n ti ń bu omi kí wọ́n fi wọ́n ọn bí ti obì, mo pariwo, "Ẹ má wọ́n omi! Iná máa gbé wa!" Wọ́n ní, "Ó dáa, ó dáa, obì yín ò fẹ́ omi." Dípò ewé, wọ́n lọ mú ògbólógbòó ìró wọn mẹ́ta wá, àwọn onísanyán tó nípọn bí awọ. A gbé àpótí oníhò náà sáàárín, a gbé ọwọ́ tẹlifóònù lé e, a fa wáyà jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan, Ìyá Àgbà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìró yí i ká, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi ìka wá ibi tí àlàfo bá wà. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu, ìyẹn náà ni wọ́n máa ń sọ tí wọ́n bá ń di ti Kánò. Àpò ló kẹ́yìn, lẹ́yìn náà okùn. Tẹlifóònù bàbá mi wá sùn sínú agbọ̀n, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé kì í ṣe gbànja.

Sátidé, lẹ́yìn aláásárì, Bùọ̀dá pè, a kí ara wa tán, Ìyá Àgbà sì tún di tẹlifóònù sínú agbọ̀n. Ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Gbogbo ilé wà ní pálọ̀ àfi màámi, odó ń dún lọ́dọ̀ wọn, ewúrẹ́ ń ké. ALAJI ti jáde tán, ó sì ń bá a lọ: E KU IROLE O. E KU ISINMI. Mo yíjú wo bàbá mi. Ẹnu wọn là sílẹ̀. "A dúpẹ́ o," ni wọ́n sọ sí tẹlifíṣọ̀n, jẹ́ẹ́jẹ́. IYA AGBA E KU OJO META. SE ORUNKUN TI SAN. "Ó kí mi!" Ìyá Àgbà ké, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ju agbọ̀n sílẹ̀. "Ó ti san díẹ̀, Gàní ọmọ mi! Ó ti san!" Bí a ṣe wà lórí ìyẹn ni Bàbá Rélùwéè wọlé. "Àsàlámù àlékùmù! Ẹ kúulé o! Ṣé Àlájì wà láyé lónìí?" Gbogbo wa la jọ dáhùn pọ̀, ilé mì tìtì, mo sì yíjú kíá wo ojú tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́tà kan ò bàjẹ́. Kódà ẹyọ kan!

Àmọ́ bàbá mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tètè mú. Oníṣòwò ni wọ́n, wọ́n kì í ra agbọ̀n tí wọn ò bá tú ìdí ẹ̀ wò. Wọ́n ní, "Ó ṣeé ṣe kí Gàní ti kọ gbogbo èyí pa mọ́ sínú ẹ̀ látọjọ́ yìí. Ṣé èmi náà lè bi í ní nǹkan?" Mo ní, "Ẹ bi í, Bàbá, màá tẹ̀ ẹ́." Wọ́n ronú, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bi í pé, lọ́dún tí bàbá wa lọ sí Kánò tí wọ́n pẹ́, kí ni èmi àtiẹ̀ jọ jẹ lẹ́yìn ilé, tó jẹ́ pé àwa méjì péré la mọ̀." Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúró. Ó dúró pẹ́. Màámi fi odó sílẹ̀, wọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń wo ibi tí ìlà kékeré yẹn ti ń tàn tó ń kú, tó ń tàn tó ń kú, mo rí Ọ̀dẹ̀dá níbẹ̀, mo rí Ìbarà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá: EGBON SE KI N SO. Bàbá mi ní, "Sọ fún un kó sọ ọ́." Mo tẹ SO O. Ó tún dúró díẹ̀. ADIE IYA AGBA. EYI TI A NI ASA GBE.

Pálọ̀ dákẹ́ fúnra ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbà ò mọ̀wé. "Kí ló wí?" Kò sẹ́ni tó fẹ́ kà á. Bàbá mi ń wo àjà. Bàbá Rélùwéè, tó mọ ìwé dáadáa, ló kà á, pẹ̀lú ohùn tó lè dá ọkọ̀ ojú irin dúró: "Adìẹ Ìyá Àgbà! Èyí tí a ní àṣá gbé!" Ìyá Àgbà rọra gbé agbọ̀n kalẹ̀. Wọ́n yíjú sí bàbá mi, Àlájì tó ní irùngbọ̀n funfun, baba ọmọ. "Èyí tó ń yé ẹyin méjì-méjì?" Bàbá mi ní, "Ebi ló ń pa wá, Màmá." "Àṣá tí mo ń ṣépè fún láti ọjọ́ yìí wá!" "Ẹ má bínú, Màmá." Wọ́n fa bàbá mi létí níwájú gbogbo wa, ẹ̀rín sì gbé wa dé ilẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọ́n na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní, "Ẹ̀rí ti dé. Ẹ̀rọ yìí ò lè purọ́, ó ti tú mi fó. Rábíà, kọ̀wé sí àbúrò mi, sọ fún un pé ọmọ ẹ̀ ń bọ̀ ní Ìbarà." Mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò tiẹ̀ rí bọ́tìnnì tí mò ń tẹ̀, omijé ni mo fi ń wò. Mo rántí pé ohun tí Bùọ̀dá dá padà ni ALHAMDULLLLILAI, àti pé L wọn ti pọ̀ jù, àwọn náà ò rí bọ́tìnnì wọn dáadáa.

Mi ò sùn dáadáa, ayọ̀ ò jẹ́. Kí wọ́n tó pe àṣùbáà ni nǹkan kan ti gún mi lọ́kàn. Àǹtí Ṣífáwù ò mọ̀. Wọ́n ṣì ń retí mi ní Mọ́ńdè. Mo lọ bá Ìyá Àgbà lórí ẹní ìrun, mo ní ṣé kí n kọ lẹ́tà ránṣẹ́. Wọ́n ní, "Ìròyìn kan wà tí wáyà lè gbé, òmíràn wà tó jẹ́ ẹsẹ̀ ló ń gbé e." Kí oòrùn tó yọ, mo ti wà nínú ọkọ̀ Ọ̀dẹ̀dá, láàárín àwọn tó ń lọ sí oko, ìborùn mi lórí. Nígbà tí mo dé, Àǹtí Ṣífáwù ń gbá yàrá kan tó kọjú sí ìta. Wọ́n ti ra ẹní tuntun, ó ṣì ń rùn bí koríko, wọ́n ti kan ìṣó mọ́ ara ògiri ibi tí màá máa fi aṣọ kọ́. Wọn ò bí ọmọ obìnrin. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ṣe fún mi, mo sọ ọ́ fún wọn, láti orí adìẹ dé orí Ìbarà, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́.

Wọ́n fi ìgbálẹ̀ ti ara ògiri. "Ṣé ẹ̀rọ yín ò lè bá mi sọ ọ́ ni, tó o fi jí ṣáájú oòrùn nítorí mi?" Mo ní, "Ẹ ò ní tẹlifóònù, Àǹtí. Tí ẹ bá sì ní in, mo ṣì máa wá." Wọ́n wò mí, omi lé ròrò sí wọn lójú, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín já lẹ́nu wọn. "Adìẹ yẹn! Èmi ni wọ́n nà nítorí adìẹ yẹn, wọ́n ní mi ò ti ilé adìẹ!" A rẹ́rìn-ín títí àwọn aládùúgbò fi ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúà fún mi, àdúà gígùn, mo ṣe àmín sí gbogbo ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n tọ́ka sí òkìtì obì tí wọ́n kó dé láti oko lánàá, tí wọn ò tíì bó. Mo tú ìborùn mi, mo fi gba ìdí, mo jókòó tì wọ́n lórí ẹní tuntun náà, mo sì mú obì kìíní.